Tọ́bò Kan Tàbí Méjì: Ohun Tó Yẹ Ká Wò Kí A Tó Sanwó Ọkọ̀

Ẹni tó bá dúró sí etí títì ní Ẹgàn, lórí ọ̀nà LASU sí Ìṣẹ̀rì tó gba Àkẹ̀sán bọ̀ wá sí Ìgàndò, kò ní pẹ́ rí ọ̀pọ̀ nínú oríṣi tọ́bò tí ayé ń lò. Tipa Howo tó kó yanrìn ń kọjá, tọ́bò kan ló wà lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Hilux onídísẹ́ẹ̀lì tẹ̀lé e, tọ́bò kan. Mercedes C300 ti ọdún 2015 sókè, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, tọ́bò kan. Lẹ́yìn náà ni Land Cruiser 300 yóò kọjá pẹ̀lú tọ́bò méjì, Ford Edge Sport pẹ̀lú méjì, àti BMW 335i, èyí tó lè ní méjì tàbí ẹyọ kan, ó kù sọ́wọ́ ọdún tí wọ́n ṣe é.

Níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀, ọ̀rọ̀ “tọ́bò méjì” ti di ohun tí wọ́n fi ń gbé owó lé ọkọ̀ lórí. Oníbàárà gbọ́ ọ, ó rò pé agbára ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrísí ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń pinnu iye tọ́bò tí ilé-iṣẹ́ yóò fi sí i. Ohun tó kan ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ni ibi tí agbára náà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá tẹ ọkọ̀, àti ẹni tí yóò bá a tún un ṣe lọ́jọ́ tó bá dákú.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, afẹ́fẹ́ tí písítìn rẹ̀ bá lè fà wọlé ni yóò rí lò, epo tó sì lè jó kò lè ju ohun tí afẹ́fẹ́ yẹn gbà lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ èyí láti ìgbà ìwáṣẹ̀: bí iná kò bá ràn tó láti mú irin pọ́n, ẹwìrì ni wọ́n ń fẹ́ sí i. Tọ́bò ni ẹwìrì ẹ́ńjìnnì, àfi pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tó jókòó tì í. Èéfín gbígbóná tó ń lọ sínú sàlẹ́ńsà ló ń yí fáànù kékeré kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan so fáànù yẹn mọ́ èkejì, èkejì yìí ló sì ń kó afẹ́fẹ́ láti ìta, tó ń kì í mọ́ inú sílíńdà. Agbára tí ì bá bá èéfín lọ lásán ni a fi ń ṣiṣẹ́ náà. Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Alfred Büchi, gba ìwé àṣẹ lórí èrò yìí ní 1905, ṣùgbọ́n ó di 1925 kí iṣẹ́ rẹ̀ tó yọrí dáadáa lára ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì, nígbà tó fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára rẹ̀. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí tọ́bò lò títí di 1962, nígbà tí Oldsmobile Jetfire àti Chevrolet Corvair Monza Spyder jáde ní Amẹ́ríkà.

Eré tí ọ̀pá náà ń sá bani lẹ́rù. Ó ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, àwọn kéékèèké mìíràn sì ń kọjá 200,000. Ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé e ró, kò sí ohun mìíràn láàárín irin àti irin. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ìṣòro tó bí ìbéèrè ẹyọ kan tàbí méjì ni ìdádúró. Bí ẹ bá tẹ ọkọ̀ lójijì, èéfín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pọ̀, kó yí fáànù, kí fáànù tó lè kó afẹ́fẹ́ jọ. Fáànù ńlá ń kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré, àmọ́ ó wúwo láti ta jí. Kékeré tètè ń jí, ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá ga, kò lè gbé e mọ́. Bí fáànù méjì bá ní ìrísí kan náà, tí ọ̀kan fẹ̀ ju èkejì lọ ní ìlọ́po méjì, ìnira àtiyí ti ńlá yẹn kúrò lójú kan jẹ́ ìlọ́po 32 ti kékeré. Níbi yìí ni èrò wá látọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pé kí wọ́n fi kékeré méjì rọ́pò ńlá kan.

Ó dára lórí ìwé, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò tó bí àwọn tó ń polówó ṣe ń sọ ọ́. Kékeré méjì yẹn ti pín èéfín sí méjì, ìdajì ìdajì ló ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ yí kíákíá ju ńlá lọ kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ dé òpin, agbára tí yóò gbé kékeré méjì dé eré iṣẹ́ wọn jẹ́ nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ti ńlá kan. Èrè wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò kàn fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ni. Bí fáànù bá sì ti ń kéré tó ni afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìṣiṣẹ́ ń pọ̀ tó, ìyẹn náà tún bu díẹ̀ kúrò nínú èrè yẹn.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to tọ́bò méjì kò sì jẹ́ ọ̀kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n jọ máa ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, ọ̀kan fún ìdajì sílíńdà, èkejì fún ìdajì yòókù. Maserati Biturbo ti 1981 ló kọ́kọ́ gbé tọ́bò méjì wá sórí ọkọ̀ tí aráàlú lè rà, Nissan Skyline GT-R sì tò ó lọ́nà báyìí ní 1989. Ọ̀nà kejì ni kí ọ̀kan kọ́kọ́ dá ṣiṣẹ́ nígbà tí eré kò tíì ga, kí èkejì wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Toyota Supra tó jáde ní 1993 gba ọ̀nà yìí. Orúkọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, 2JZ, kò tíì kú lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ títí di òní. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ra Supra náà ló tú tọ́bò méjèèjì kúrò, tí wọ́n fi ńlá kan ṣoṣo rọ́pò wọn, nítorí àwọn fáfù àti họ́ọ̀sì wẹẹrẹ tó ń darí ìgbà tí èkejì yóò wọlé pọ̀ jù, wọ́n sì ń gbó. Nígbà tí Toyota tún Supra gbé jáde ní 2019, ẹ́ńjìnnì BMW ni wọ́n fi sínú rẹ̀, tọ́bò kan ló sì wà lára èyí tó lágbára jù nínú wọn.

Bí ẹ́ńjìnnì bá jẹ́ V6 tàbí V8, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Sílíńdà tò sí apá méjì, èéfín ń jáde ní ọ̀tún àti ní òsì. Tí wọ́n bá fẹ́ lo tọ́bò kan, wọ́n gbọ́dọ̀ fa páìpù láti apá kan kọjá sí èkejì, èéfín yóò ti tutù lójú ọ̀nà, àyè inú bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò sì há. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ V6 àti V8 olótọ́bò tí ẹ bá rí lónìí, méjì ló ní. Land Cruiser 300 tó jáde ní 2021 gbé V6 lítà 3.5 pẹ̀lú tọ́bò méjì, agbára ẹṣin 409 àti agbára ìfà Nm 650. Land Cruiser 200 tó ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú V8 lítà 5.7 tí kò ní tọ́bò rárá, wà ní 381 àti Nm 544. Lítà méjì àti díẹ̀ ni wọ́n yọ kúrò, agbára sì tún lé sí i. Ẹni tó lówó rẹ̀ kò ṣìnà tó bá rà á. Ṣùgbọ́n kò yan tọ́bò méjì. Toyota ti bá a yàn án nígbà tí wọ́n ti pinnu láti lo V6.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi wà lọ́dọ̀ BMW. Ní 2006, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì N54 jáde, sílíńdà mẹ́fà lórí ìlà kan, lítà 3, tọ́bò kékeré méjì, agbára ẹṣin 306. Àwọn adájọ́ àgbáyé fún un ní àmì-ẹ̀yẹ ẹ́ńjìnnì ọdún ní 2007 àti 2008. Ní 2009, BMW kan náà gbé N55 jáde láti rọ́pò rẹ̀: lítà 3, sílíńdà mẹ́fà, tọ́bò kan ṣoṣo. Agbára ẹṣin rẹ̀? 306. Agbára ìfà? Nm 400 fún àwọn méjèèjì. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé N55 olótọ́bò kan ló tètè ń dé Nm 400 yẹn, ní ìyípo 1,200 ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí N54 olótọ́bò méjì ń dúró di 1,300.

Wọ́n ṣe é nípa tọ́bò tí à ń pè ní twin-scroll. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà nínú ilé tọ́bò yìí. Bí sílíńdà kan bá tú èéfín jáde, tí èéfín sílíńdà kejì sì bá a nínú páìpù kan náà, wọ́n a máa tako ara wọn. Twin-scroll ya wọn sọ́tọ̀: mẹ́ta gba ẹnu ọ̀nà kan, mẹ́ta yòókù gba èkejì, kálukú wọn á sì gbá fáànù lójú ní àsìkò tirẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́rin, ìkíní àti ìkẹrin ni wọ́n ń so pọ̀, ìkejì àti ìkẹta sì jọ lọ. Kí àwọn olùrà ṣọ́ra o: ara ọkọ̀ tí wọ́n lo ẹyọ kan yìí ni BMW kọ “TwinPower Turbo” sí. Ẹni tó bá rí i tó sì sanwó tọ́bò méjì ti fowó ra àkọlé lásán. Bákan náà, Range Rover tí wọ́n kọ “Supercharged” sí lára kì í ṣe ti tọ́bò. Bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí ohun tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ìyẹn.

BMW kò sì kọ tọ́bò méjì sílẹ̀ pátá. Ọkọ̀ M3 àti M4 tó jáde ní 2014 lo méjì, nítorí agbára ẹṣin 431 ni wọ́n ń wá láti inú lítà 3. Bí ẹ bá fẹ́ irú agbára yẹn, tí ẹ sì tún fẹ́ kó tètè dáhùn, méjì ní àyè tirẹ̀.

Fún àwa tó ń ra tòkunbọ̀, Ford Edge ti 2015 sí 2018 dára láti fi ṣàlàyé, nítorí ọkọ̀ kan náà jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì mẹ́ta. Lítà 2 olótọ́bò kan ní agbára ẹṣin 245 àti Nm 373. V6 lítà 3.5 tí kò ní tọ́bò ní 280 àti Nm 339. V6 lítà 2.7 olótọ́bò méjì, tó wà nínú Edge Sport, ní 315 àti Nm 475. Ẹ wo ìyẹn dáadáa. Tọ́bò kan lórí sílíńdà mẹ́rin ń fà ju V6 ńlá lọ, bí agbára ẹṣin rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Agbára ìfà yìí ni ẹ ń lò nígbà tí ẹ bá ń gbéra ní Ìgàndò, tí dánfó kan dí yín lọ́nà, tí àyè sì ṣí lójijì. Edge Sport ń fà ju bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ ni. Ibo ni yóò ti lò ó láàárín Ìyànà-Ìbà àti Ìkọ̀tún?

Àwọn tó ń kó ẹrù wúwo ti dá ẹjọ́ yìí tipẹ́. Ẹ́ńjìnnì WD615 tó wà nínú ọ̀pọ̀ Howo jẹ́ nǹkan bíi lítà 9.7, agbára ẹṣin 371, tọ́bò kan, òun ló sì ń fa òkúta àti yanrìn tó ń kọ́ Èkó. Ní Amẹ́ríkà, Caterpillar fi tọ́bò méjì tò léra wọn sórí ẹ́ńjìnnì C15 ti tírélà láàárín àwọn ọdún 2000 kí ó lè bá òfin èéfín mu, àwọn onítírélà kan sì tú u, wọ́n padà sí ẹyọ kan nítorí owó àtúnṣe.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ojú ọjọ́ àti ojú ọ̀nà wa, nítorí àwọn tó ń kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yúróòpù kì í rò ó. Afẹ́fẹ́ tí tọ́bò bá kì mọ́ra ń gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná sì fúyẹ́, kò wúlò tó èyí tó tutù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi intercooler sí iwájú ọkọ̀ láti tù ú. Ṣùgbọ́n intercooler tí afẹ́fẹ́ ìta ń tù nílò kí ọkọ̀ máa rìn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà LASU, tí oòrùn ń jó, tí ọkọ̀ kò kúrò lójú kan, òun náà yóò gbóná bí àwo ìsun. Tọ́bò méjì túmọ̀ sí ooru ibi méjì nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti há tẹ́lẹ̀. Ooru yẹn ló ń gan rọ́bà họ́ọ̀sì, òun ló ń mú kí wáyà gbẹ kó sì là. AMG lítà 4 ti Mercedes tilẹ̀ gbé tọ́bò méjèèjì sí àárín V gan-an, iṣẹ́ ọgbọ́n gidi ni fún eré, ṣùgbọ́n ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ fi eruku kún un. Àwọn òpópónà inú Ẹgàn tí wọn kò tíì da ọ̀dà sí ń bu eruku lọ́gbẹlẹ̀, omi sì ń dúró níbẹ̀ nígbà òjò. Tọ́bò ń fa afẹ́fẹ́ ju ẹ́ńjìnnì lásán lọ, nítorí náà fítà afẹ́fẹ́ tètè ń kún. Eruku tó bá ráyè kọjá fítà yóò máa ha fáànù tó ń sáré bẹ́ẹ̀ yẹn. Intercooler sì sábà máa ń wà nísàlẹ̀ bọ́ńpà, ibi tí kòtò àti omi ti ń kọ́kọ́ kan ọkọ̀.

Epo náà ń kọ́? Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà bẹntiróòlù fò láti nǹkan bí ₦190 sí ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì kékeré olótọ́bò ti di ohun tí èèyàn ń wá lójú méjèèjì, nítorí ó ń jó epo díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró nínú súnkẹrẹ. Òótọ́ ni, tí ẹsẹ̀ yín bá fúyẹ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní gbogbo ìgbà yóò rí i pé tọ́bò kò mọ ìṣúnná owó. Ẹ́ńjìnnì olótọ́bò tún ń fẹ́ epo tó dára ju ti ẹ́ńjìnnì lásán lọ, nítorí afẹ́fẹ́ tí a ti kì mọ́ra lè jẹ́ kí epo gbiná ṣáájú àsìkò, kí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì. A kò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí epo tí methanol pọ̀ nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí.

Ti onídísẹ́ẹ̀lì tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ Hilux àti Prado dísẹ́ẹ̀lì lo tọ́bò kan tó ní abẹ́ kéékèèké nínú ilé rẹ̀, tó ń ṣí tó sì ń pa dé kí ẹyọ kan lè ṣe bíi kékeré nígbà tí eré kò ga, kó sì ṣe bíi ńlá nígbà tó bá ga. Lójú tèmi, ìdáhùn tó gbọ́n jù sí gbogbo àríyànjiyàn yìí nìyẹn. Ọ̀tá rẹ̀ ni èédú inú èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ àwọn abẹ́ náà títí wọn yóò fi há. Dísẹ́ẹ̀lì tí súfúrù pọ̀ nínú rẹ̀ ń dá kún ìdọ̀tí yìí. ECOWAS fẹnu kò ní 2020 pé láti oṣù Kìíní 2021, súfúrù inú dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 50 nínú mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ní Hilux gbọ́dọ̀ máa bèèrè ibi tí epo tó ń rà ti wá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ́ìlì. Tọ́bò tó kú lójijì ṣọ̀wọ́n. Ọ́ìlì ló ń pa púpọ̀ nínú wọn. Ọ́ìlì ayédèrú, ọ́ìlì tó pẹ́ jù nínú ẹ́ńjìnnì, tàbí ọ́ìlì tó jó di èédú nínú páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń bọ́ tọ́bò. Àtúnṣe tí mo ń rí tó ń dùn mí jù ni kí wọ́n ra tọ́bò míì, kí wọ́n dè é mọ́ páìpù àtijọ́ tó ti dí, kí ó sì kú láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ pààrọ̀ páìpù ọ́ìlì náà, ẹ fọ intercooler, kí ẹ tó tan ọkọ̀. Tó bá jẹ́ tọ́bò méjì, páìpù ọ́ìlì di ìlọ́po méjì, gásíkẹ́ẹ̀tì di ìlọ́po méjì, ọjọ́ orí wọn sì dọ́gba: bí ọ̀kan bá lọ, èkejì kì í jìnnà sí i. Owó iṣẹ́ lára V6 tún máa ń pọ̀, nítorí nígbà míì wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè dé tọ́bò ẹ̀yìn.

Ará Ẹgàn ní àǹfààní kan: ọjà ohun èlò ọkọ̀ ASPAMDA ní Trade Fair, Ọ̀jọ́, kò jìnnà, láti Ìyànà-Ìbà ni ẹ ó ti já sí ọ̀nà Badagry. Ládìpọ̀ náà wà ní Mushin. Tọ́bò Hilux àti C300 kì í ṣòro rí níbẹ̀. Ti Edge Sport tàbí N54 a máa gba ìwákiri, tòkunbọ̀ sì ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́. Tọ́bò tòkunbọ̀ kò ní ìwé ìtàn lára, àfi kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Ẹ yọ họ́ọ̀sì rẹ̀, ẹ di ọ̀pá fáànù mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Kó mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kò burú. Tó bá ń wọlé tó ń jáde, ẹ má rà á. Ẹ wo inú họ́ọ̀sì intercooler bóyá ọ́ìlì kún inú rẹ̀. Ẹ tan ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná, ẹ tẹ̀ ẹ́: èéfín aró tó ń tẹ̀lé e àti ìró bíi fèrè ọlọ́pàá jẹ́ àmì tọ́bò tó ti ń lọ. Kí rewaya fi sikáànì ka ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì nígbà tí ẹ ń wa ọkọ̀ náà, kó má jẹ́ ìgbà tó dúró nìkan. Tí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ kí ẹ wà á, ẹ jẹ́ kó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀.

Sí àwọn ọ̀dọ́ tó ń bèèrè bóyá kí wọ́n fi tọ́bò kejì kún ti sílíńdà mẹ́rin wọn, ìdáhùn mi ni rárá. Sílíńdà mẹ́rin kò ní èéfín tó láti bọ́ méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, owó náà yóò sì wúlò jù bí ẹ bá ná an sórí intercooler tó dára, ọ́ìlì tòótọ́ àti bíréèkì. Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà orí ìlà kan, tí tọ́bò méjì tó ń jò sì ti sú u, lè rò ó láti padà sí ẹyọ kan tó jẹ́ twin-scroll. Ṣùgbọ́n bíréèn-bọ́ọ̀kìsì, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, gbọ́dọ̀ bá a mu, ẹni tó mọ àtúntò rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ ládùúgbò wa.

Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ ra ọkọ̀ tí n ó máa gbé láti Ẹgàn lọ síbi iṣẹ́, sílíńdà mẹ́rin olótọ́bò kan ni n ó rà, n ó sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ ní gbogbo kìlómítà 5,000, ohunkóhun tí ìwé ọkọ̀ bá sọ, nítorí ojú ọ̀nà ibòmíràn ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé náà. Ẹni tó ń rìn láti Èkó sí Àbújá lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń fa ẹrù, tó sì ní mẹkáníìkì tó mọ V6 dunjú, kó ra ti méjì. Kó kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yẹn iye tí tọ́bò kan ń jẹ, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kó sì ya owó yẹn sọ́tọ̀ kí ó tó gbé ọkọ̀ wálé.